Bí a ṣe ń dákọ̀ró sùn ní etíkun Tọ́kì, láti Bozburun dé Knidos

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wa ọkọ̀ onígbòkun jáde ní Marmaris, tó wá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ohun tó máa yà á lẹ́nu ni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń já wọ omi lójijì. Ọwọ́ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpáta, síbẹ̀ omi abẹ́ ọkọ̀ lè tó ogún mítà. Kí èèyàn kàn ju ìdákọ̀ró sí àárín omi, kó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí kiri bó ṣe wù ú, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀. Àwọn tó mọ etíkun náà máa ń ju ìdákọ̀ró síwájú, wọ́n á fi ẹ̀yìn rìn dé ẹ̀bá àpáta, wọ́n á wá fi okùn gígùn so ìdí ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èdè máàpù ibẹ̀ díẹ̀. Koy ni ibi tí omi òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. Liman ni èbúté. Iskele ni afárá onípákó tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Burun ni ilẹ̀ tó yọ ṣóńṣó sínú òkun. Imú ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.

Ìwé

Ọkọ̀ tó bá ti òkèèrè wọ Tọ́kì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé èbúté ìwọlé, bíi Marmaris, Datça tàbí Bodrum, kó gba ìwé tí wọ́n ń pè ní transit log, ìyẹn ìwé àṣẹ ìrìn ọkọ̀ lójú omi Tọ́kì. Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ọkọ̀ níbẹ̀ ni, ẹni tó háyà rẹ̀ fún yín ló sábà máa ń bá yín ṣe é. Mavi Kart náà wà, ìyẹn Káàdì Búlúù: ní ìpínlẹ̀ Muğla, orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí nígbà tí ẹ bá lọ fa ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ dà níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ẹ má dà á sínú koy o. Erékùṣù Symi tí ẹ ó máa wò lọ́ọ̀ọ́kán láti Bozburun, ti Gíríìsì ni. Kò sí pé ẹ fẹ́ yà síbẹ̀ jẹun kí ẹ sì padà láìgba ìwé ìjáde.

Afẹ́fẹ́ ṣáájú koy

Meltem ni wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Àríwá ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, ó sì máa ń le jù ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Kì í mú òjò dání, kì í ṣú. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, tó bá di nǹkan bí ọ̀sán ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá máa di aago mẹ́rin ó ti ń ya ìgbòkun ẹni tí kò tètè ká a. Lálẹ́, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 á rántí pé ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù jìyà kó tó dé ọ̀kánkán Knidos (Kínídù inú Bíbélì), tí afẹ́fẹ́ kò sì jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ lónìí, ojú kan náà ni afẹ́fẹ́ ṣì ń kọ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ ṣí ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sì ti wọ koy kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù.

Tí ẹ bá ń yan koy, ẹ bi ara yín léèrè apá ibo ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ẹ tún gbójú sókè wo òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Òkè tí ẹ rò pé ó ń dáàbò bò yín lè máa ju ẹ̀fúùfù sí yín lórí, pàápàá níbi tí àlàfo bá wà láàárín òkè méjì. Ìgbì kò ní wọlé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa jà mọ́ okùn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bozukkale (odi tó ti bàjẹ́ ni orúkọ náà túmọ̀ sí) jọ irú koy bẹ́ẹ̀. Odi Loryma àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ tó ní iskele tiwọn sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹun lọ́dọ̀ wọn lè so ọkọ̀ mọ́ iskele lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè iye ẹja kí wọ́n tó gbé e lé iná o! Ní Orhaniye, ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ìdákọ̀ró á sì dì í mú ṣinṣin, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún Kızkumu, iyanrìn tó gba abẹ́ omi kọjá lọ bí ọ̀nà. Tí ẹ bá rí èèyàn tó dà bí ẹni ń rìn lórí omi, ẹ má tọ ibẹ̀ lọ.

Serçe Limanı, Èbúté Ológoṣẹ́, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹnu rẹ̀ há débi pé ẹ lè kọjá lójú òkun láìrí i. Ọkọ̀ oníṣòwò kan rì síbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn awalẹ̀pìtàn wú u jáde láàárín 1977 sí 1979, ẹrù gíláàsì rẹ̀ sì wà ní mùsíọ́mù Bodrum. Ìdákọ̀ró irin mélòó kan wà nínú ọkọ̀ náà, síbẹ̀ inú èbúté ló rì sí.

Knidos ní tirẹ̀, ẹ lọ nítorí àwókù ìlú àtijọ́, ẹ má lọ nítorí oorun. Koríko òkun àti òkúta pọ̀ nísàlẹ̀ omi rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ gúúsù bá sì ń bọ̀, ẹ má sùn síbẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an

Ẹ rọra yí koy ká lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí omi bá ti mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, iyanrìn ni; ibi tó ṣú, koríko tàbí àpáta ni. Iyanrìn ni kí ẹ wá. Ìdákọ̀ró kì í gbẹ́lẹ̀ nínú koríko òkun, koríko ọ̀hún sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó hù padà. Ẹ wo bí àwọn ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀ ṣe so ara wọn, kí ẹ ṣe bíi tiwọn. Ẹni tó bá ń yí kiri láàárín àwọn tó so okùn mọ́ ilẹ̀ á kọlù wọ́n lóru.

Kí ẹ tó ju ohunkóhun, ẹ ti gbé okùn síta ní ìdí ọkọ̀, ó kéré tán àádọ́ta mítà, irú èyí tó ń léfòó, kó má lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé fẹ́ńdà, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ ha, kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù wọ bàtà, torí ẹran omi dúdú ẹlẹ́gùn-ún máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Ẹ sì fẹnu kò lórí àmì ọwọ́. Ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú gbọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn. Mo ti rí tọkọtaya tó fi ariwo bá gbogbo koy sọ̀rọ̀ títí ìdákọ̀ró fi balẹ̀.

Ó wá ku ìṣirò. Tí omi bá jẹ́ mítà mẹ́wàá, tí iwájú ọkọ̀ sì ga ní mítà kan, mọ́kànlá nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ìyẹn ṣéènì ìdákọ̀ró mítà márùnléláàádọ́ta tí ẹ máa tú sílẹ̀. Ẹ kọ ìdí ọkọ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ so mọ́, ẹ fi ẹ́ńjìnì sí rìfáàsì, ẹ ju ìdákọ̀ró, kí ẹ máa tú ṣéènì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fà sẹ́yìn. Tó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé ẹ̀bá ilẹ̀, ẹ dá ṣéènì dúró kí ó le, kí ìdákọ̀ró lè wọlẹ̀.

Okùn apá tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kí òmùwẹ̀ kọ́kọ́ gbé lọ. Ẹ so ó mọ́ àpáta tàbí òpó irin tí wọ́n bá rì sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má so ó mọ́ igi. Okùn máa ń bó èèpo igi, àwọn aláṣẹ ò sì fẹ́ ẹ. Tí àpáta bá mú bí ọ̀bẹ, ẹ fi ṣéènì kúkúrú yí i ká, kí ẹ wá so okùn mọ́ ṣéènì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé okùn kejì lọ sí apá kejì, kí méjèèjì yà bí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró gbọnin.

Ẹ wọ gíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́ kí ẹ lọ wo ìdákọ̀ró lójúkojú. Èmi kì í sùn láìṣe èyí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ mú nǹkan méjì lórí ilẹ̀ tó tò síwájú ara wọn, bí àpáta kan àti igi kan lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá ya ara lẹ́yìn wákàtí kan, ọkọ̀ ti ń sún nìyẹn. Ẹ tan iná funfun sókè òpó ìgbòkun, ẹ fi rédíò VHF, ìyẹn rédíò ìbánisọ̀rọ̀ ọkọ̀, sí ìkànnì 16 tí wọ́n fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́.

Láàárọ̀, okùn apá tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ wá ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Tí ìdákọ̀ró yín bá gbé ṣéènì aládùúgbò wá sókè (ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ), ẹ má fi agbára fà á. Ẹ ti okùn kékeré kan bọ abẹ́ ṣéènì rẹ̀, ẹ so orí méjèèjì mọ́ iwájú ọkọ̀, ẹ rọ ìdákọ̀ró tiyín sílẹ̀ díẹ̀ kó bọ́, ẹ fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí ẹ wá jọ̀wọ́ orí okùn kan.