Bí mo ṣe dán kọnkéré wò láti mọ ohun tó ń jẹ́ kó sán lọ́jọ́ tí wọ́n dà á

Ìjà ló fà á o. Baba onílé kan n'Íbàdàn da German floor, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé, láàárọ̀ nígbà ọyẹ́, kílẹ̀ tó ṣú ó ti sán kiri, baba ní bíríkìlà ti jí nínú símẹ́ǹtì òun, bíríkìlà náà ní irọ́ ni, símẹ́ǹtì ayé ìsinsìnyí ni ò dáa mọ́. Bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ dé láàbù wa nìyẹn, pé ká bá wọn fọ́ cube, ìyẹn kọnkéré onígun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ títí tó fi máa fọ́. Mo ní cube ò lè dá ẹjọ́ yìí. Líle kọnkéré lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni cube ń sọ, èyí tó sán láàárín wákàtí mélòó kan, ìgbà tó ṣì rọ̀ ni nǹkan ti ṣe é.

Tẹ́ẹ̀sì tó bá a mu ni ASTM C1579, ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà fún dídán kọnkéré tó ń sán nígbà tó ṣì rọ̀ wò. Mo gbé àwòrán rẹ̀ lọ fún wẹ́dà: mọ́ọ̀dù tó gùn ní 560 mm, tó fẹ̀ ní 355 mm, tó jìn ní 100 mm, kó wá tẹ irin pẹlẹbẹ sísàlẹ̀ rẹ̀ kó ní òkè mẹ́ta bí òrùlé, ti àárín ga ní 64 mm, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 32 mm. Ó ní ṣé agolo búrẹ́dì ni mo fẹ́ fi ṣe ni. Àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa di kọnkéré mú kó má ráyè sún kì, ti àárín ló máa jẹ́ kó tín-ín-rín níbẹ̀, tó bá fẹ́ sán ibẹ̀ náà ló máa gbà.

Ọ̀dọ̀ wọn ní sáìtì ni mo ti kó símẹ́ǹtì, yanrìn àti gíráńáìtì, àpò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo pa á dà, mo wá fọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n ní 1:2:4, símẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, gíráńáìtì mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ní àwọn po tiwọn, símẹ́ǹtì pé pérépéré, omi ò yàtọ̀ síra. Mọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, kọnkéré lásán. Ìkejì, mo fi fáíbà polypropylene, fọ́nrán ike tín-ín-rín, sí i, 0.9 kg fún mítà kúbíìkì kan, nínú mọ́ọ̀dù tó gba bíi lítà 20 ìyẹn ò ju gíráàmù 18 lọ, ẹ̀kúnwọ́ kan báyìí. Ìkẹta ò sí nínú ìwé tẹ́ẹ̀sì, ọgbọ́n orí mi ni: kọnkéré lásán náà ni, àmọ́ bí mo ṣe fi tirówẹ̀lì dán an tán mo da láílọ́ọ̀nù bò ó, mo tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni afẹ́fẹ́. Ìwé tẹ́ẹ̀sì fẹ́ kí yàrá gbóná tó bí 36°C, kó gbẹ, kí fáànù máa fẹ́ ju 4.7 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí omi tó ń fẹ́ lọ má sì dín sí kílò kan lórí mítà onígun mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Mo bu omi sínú páànù 25 cm sí 40 cm, mo gbé e lé sikéèlì níwájú fáànù. Tó bá ti fi gíráàmù 50 fúyẹ́ láàárín ààbọ̀ wákàtí, ó ti dé e nìyẹn. Iná Nẹ́pà ò ṣeé gbára lé níbi báyìí o, jẹnẹrétọ̀ ni mo tan, torí tí fáànù bá kú láàárín kan ẹ máa tún un ṣe ni.

Mo wá jókòó tì í. Omi tó sun sójú kọnkéré kọ́kọ́ ń dán, bó ṣe ń dán yẹn kò séwu, ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ ju bó ṣe ń sun lọ ni ojú rẹ̀ ṣú, omi kékeré tó kù láàárín àwọn hóró símẹ́ǹtì wá ń fà wọ́n mọ́ra, kọnkéré fẹ́ sún kì, irin ò jẹ́ kó sún, kò sì tíì lágbára tó lè fi dúró. Ìlà kan bí irun orí yọ lókè òkè àárín yẹn, mo yíjú báyìí kí n tó padà ó ti dé etí kejì.

Ìgbà tó le tán ni mo pa fáànù, mo bo gbogbo wọn, ó di wákàtí 24 kí n tó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, tó ní ìwọ̀n nínú, wọn ibi tó sán, mo fi 25 mm sílẹ̀ létí méjèèjì. Ibi tí kọnkéré lásán ti sán gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 0.5 mm, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tẹ́ẹ̀sì ò wúlò, tiwa kọjá bẹ́ẹ̀. Ti fáíbà sán náà, àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ ò tó ìdajì tàkọ́kọ́. Èyí tí mo da láílọ́ọ̀nù bò, mo wá a títí, kò sán rárá.

Símẹ́ǹtì pé, ó ṣì sán, nítorí náà sísán yẹn nìkan ò lè sọ bíríkìlà dolè. Àpò kan náà ni mo bò tí ò sán, símẹ́ǹtì náà ò jẹ̀bi. Fáíbà dáa, àmọ́ kí ló dé téèyàn á kọ́kọ́ náwó lé e nígbà tí láílọ́ọ̀nù ò tíì sí lórí kọnkéré ẹ̀?

Torí pé ìkẹta ò sí nínú ìlànà, ìsàlẹ̀ rìpọ́ọ̀tù ni mo kọ ọ́ sí, ìlà méjì péré. Baba onílé ò ka tòkè, ibẹ̀ nìkan ló kà, ó ní, "Bíríkìlà, èló ni wọ́n ń ta láílọ́ọ̀nù?"