Iná Ààrò Yín, Ooru Mélòó Ló Ń Mú Wá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan gàrí àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi igi se oúnjẹ nílé, ṣé ẹ mọ yúníìtì tá a máa ń rà sínú mítà iná? Òun náà la lè fi wọn ooru ààrò.

Igi tó gbẹ dáadáa, kílò kan ẹ̀ máa ń mú tó yúníìtì 4 wá tó bá jó tán. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ò ju bíi 2 lọ torí omi inú ẹ̀ ni iná á kọ́kọ́ máa bá jà, ẹ̀ẹ́ máa rí i tó ń yọ fóòmù lẹ́nu, tó ń ṣe ṣíì, èéfín á ti lé gbogbo yín síta. Èédú lọ̀gá wọn, kílò kan tó bíi 8.

Ẹ yá sìkéèlì lọ́wọ́ alẹ́ran. Ẹ wọn igi kílò 3, ẹ dáná wákàtí kan, kẹ́ ẹ fa èyí tí ò jó yọ, ẹ fi iyanrìn pa á (ẹ má dami sí i o, á wúwo, ìṣirò á dàrú), ẹ gbọn iyanrìn ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ku kílò 1, kílò 2 ló jó nìyẹn, yúníìtì 8. Hot plate oníkílówọ́ọ̀tì kan, yúníìtì 1 péré ló ń jẹ ní wákàtí kan.

Ẹ má tíì yọ̀ ṣá, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń wọnú ìkòkò. Ẹ gbé omi lítà 5 kaná, ẹ dé e. Kó tó hó, omi yẹn ò nílò tó ìdajì yúníìtì. Tó bá wá jẹ́ kílò igi kan ló jó kó tó hó, ẹ ti ná 4, bíi ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló wọ omi, ìyókù bá atẹ́gùn àti èéfín lọ, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sínú ẹyín iná. Ẹ fi páànù dínà atẹ́gùn, ẹ jẹ́ kí ìdí ìkòkò sún mọ́ iná, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Àwọn èèyàn wa ní London tí ààrò wà lára ògiri pálọ̀ wọn, ìṣirò kan náà ni, àmọ́ ibi tí ẹnu ẹ̀ bá ṣí gbayawu, ṣímínì ló ń gbé ọ̀pọ̀ ooru lọ, á tún máa fa atẹ́gùn tó ti móoru nínú yàrá lọ pẹ̀lú.

Ẹ má dán èyí wò nínú yàrá tẹ́ ẹ tilẹ̀kùn ẹ̀ o, pàápàá tó bá jẹ́ èédú, gáàsì tó ń mú jáde ò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.