Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Ara Wa Ṣètò Eré-Ìje Kẹ̀kẹ́ ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ má jókòó de àjọ kankan kí ẹ tó sáré ìje. Ẹ lè dá tiyín ṣe. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò sí àjọ lẹ́yìn yín, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà: adájọ́, ìtọ́jú, ojú ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ní láísẹ́ǹsì eré-ìje kẹ̀kẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. UCI, àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1900, lófin pé ẹni tó ní láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ sáré nínú ìje tí àjọ kò fọwọ́ sí. Wọ́n lè dá a dúró. Ọmọ tó ń lépa àtigùn fún Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kó tó forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀nà ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ má gbé ìje sí màrosẹ̀ Ṣágámù sí Bẹ́níì rárá. Tírélà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ìlú sí ìlú ni kí ẹ wá, irú Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn, kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ fúnra yín gùn ún láàárọ̀, ní wákàtí tí ìje máa bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ fi ọ̀dà funfun yí gbogbo kòtò po. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù síbi tí wọ́n á ti yí padà, kí ẹnì kan dúró tì í.

Ọjọ́ ńkọ́? Oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ràn: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò tíì le. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọjà. Bó bá jẹ́ ìhà Ìjẹ̀bú-Òde ni, ẹ bi àwọn àgbà nípa àkókò Agẹmọ. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí àwọn Agẹmọ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wa náà ń sáré. Ọjọ́ kẹta Iléyá, ọdún Ojúde Ọba ló ni ìlú.

Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, TRACE (ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà ti Ìpínlẹ̀ Ògùn) àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wọ ààfin lọ kí Kábíyèsí. Lẹ́yìn náà, ẹ dé gáréèjì àti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Ìwé kì í dá ọ̀kadà dúró. Ẹni tí ẹ ti kí tẹ́lẹ̀ ló ń dúró. Ẹni kan pẹ̀lú fèrè àti àsíá pupa ní oríta kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ tó lè gbé ẹni tó bá fara pa, kí ilé ìwòsàn sì ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè, ẹ fọwọ́ yí táyà, ẹ fún bíréèkì. Bí táyà bá ṣì ń yí, kẹ̀kẹ́ yẹn kò ní sáré. Ẹni tí kò dé akoto kò ní sáré, ọmọ ẹni tó wù kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kan tẹ̀lé ẹni tó gbẹ̀yìn. Ẹ ka nọ́mbà tó jáde, ẹ ka èyí tó wọlé. Bí ó bá ku ẹyọ kan, ẹ má tíì pín ẹ̀bùn. Ẹ padà lọ wá a.