Ojú Òṣèré Nìkan Kọ́ Ló Ń Pa Wá Lẹ́kún: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Fíìmù Àtijọ́

Lóru ọjọ́ kan, ó wù mí láti wo Psycho, fíìmù tí Alfred Hitchcock ṣe jáde lọ́dún 1960. Àwọn ará ilé ti sùn, mo bá pa ohùn rẹ̀ pátápátá kí n má baà jí wọn. Nígbà tí ó dé ìran balùwẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ọbẹ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Omi ń dà. Obìnrin kan la ẹnu gbàgà. Mo ní, ṣé èyí ni wọ́n ní ó ń lé oorun lójú èèyàn? Ọjọ́ kejì ni mo tún un wò tòun tohùn, àyà mi sì já. Ìgbà yẹn ló yé mi pé mi ò tíì wo fíìmù náà rárá lálẹ́ àná. Àwòrán rẹ̀ lásán ni mo wò.

Irú àṣìṣe báyìí pọ̀ lọ́wọ́ àwa tí a fẹ́ràn fíìmù àtijọ́. A ó ní òṣèré yìí mọ̀ ọ́n ṣe, tọ̀hún ò mọ̀ ọ́n ṣe, láìbèèrè ohun tí ẹni tó kọ orin àti ẹni tó gé àwòrán pọ̀ ti fi kún iṣẹ́ wọn. Àwọn tí mo ń rí jù ni mo kó jọ síbí, mo sì fi tèmi ṣáájú.

Ẹ má pa ohùn, ẹ má sì lé fíìmù sáré

Bernard Herrmann ló kọ orin Psycho. Ohun èlò olókùn nìkan ló lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kò sí fèrè, kò sí kàkàkí, kò sí ìlù. Hitchcock fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n má fi orin kankan sí ìran balùwẹ̀ yẹn. Síbẹ̀, Herrmann kọ orin sí i. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ọ̀gá sì yí ohùn padà. Igbe fáyólìn tó ń han gooro yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí a rò pé ọbẹ ń ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi ya ìran náà, wọ́n sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ débi pé ojú ò ráyè sinmi lórí nǹkan kan kí òmíràn tó dé: ọwọ́, ẹnu, ọbẹ, ẹsẹ̀, omi. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi tí irin ti kan ara. Ohun tó ń ṣàn lọ sínú ihò balùwẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀, omi ṣokoléètì ni. Àwa tí à ń wò ó la parí ìpànìyàn náà nínú ọkàn wa.

Àbúrò àṣìṣe yìí ni ti ẹni tó tẹ bọ́tìnì kí fíìmù máa sáré, kó lè tètè parí. Ní òpin The Good, the Bad and the Ugly tí Sergio Leone ṣe lọ́dún 1966, ọkùnrin 3 dúró nínú itẹ́ òkú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà kọ́kọ́ fi wọ́n hàn lókèèrè. Ó wá sún mọ́ ọwọ́ tó wà nítòsí ìbọn, ó sún mọ́ ojú, ó tún sún mọ́ ẹyinjú. Bí orin Ennio Morricone ṣe ń ga sí i ni àwòrán ń yára pààrọ̀. Ìdúró yẹn gan-an ni ìjà náà. Ìbọn tó dún lẹ́yìn rẹ̀ kàn fi òpin sí i ni. Ẹni tó bá fò ó kò lè dá Leone lẹ́bi pé fíìmù ò dùn.

Ẹ má ka orin sí ọ̀ṣọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí òun ni àṣìṣe tó jinlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orin inú fíìmù kàn ń tẹ̀lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni, bí òjìji ṣe ń tẹ̀lé èèyàn. Ẹ wo Jaws, fíìmù nípa ẹja shark tó ń pa èèyàn, tí Steven Spielberg ṣe lọ́dún 1975. Ẹja shark àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún fíìmù náà kọṣẹ́ léraléra nínú omi iyọ̀, wọn ò sì lè fi í hàn tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ohùn orin 2 péré tí John Williams, ẹni tó kọ orin rẹ̀, ń gbà síwá-sẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ tó wá ń sáré, ló di ẹja náà. Ó ju wákàtí kan lọ kí a tó rí orí ẹja yìí dáadáa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Ní ibì kan, àwọn ọmọkùnrin 2 fi lẹbẹ ẹja àtọwọ́dá dẹ́rù ba gbogbo ẹni tó wà létíkun. Àwọn èèyàn ń sá, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orin ohùn 2 yẹn ò dún. Ẹni tí etí rẹ̀ là ti mọ̀ pé irọ́ ni. Báyìí ni fíìmù náà ṣe kọ́ wa pé bí orin ò bá dún, ẹja ò sí nítòsí. Nígbà tí a ti gbà á gbọ́ tán, ọ̀gá ọlọ́pàá inú fíìmù dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń da ìjẹ sínú òkun, ó ń ráhùn, kò sí orin kankan, ẹja náà sì yọ orí gàǹbùgànbù síta. Gbogbo wa la fò sókè. Orin tí kò dún ló mú wa. Verna Fields ló gé fíìmù náà pọ̀. Òun àti Williams wà lára àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lórí rẹ̀, kálukú nídìí iṣẹ́ tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí mo fẹ́ràn jùyẹn lọ. Nínú Pather Panchali, tí Satyajit Ray ṣe ní Íńdíà lọ́dún 1955, bàbá kan ti ìrìn àjò dé, kò mọ̀ pé ọmọbìnrin òun ti kú. Ó ń tú ẹrù, ó ń kó ẹ̀bùn jáde, ó fa aṣọ tó rà fún ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá gbá aṣọ náà mọ́ra, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó bú sẹ́kún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti wò ó rí, yóò ní ẹkún obìnrin yẹn ò tán létí òun. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, kò sí ẹkún kankan níbẹ̀. Wọ́n yọ ohùn ìyá náà kúrò pátápátá, wọ́n sì fi ohun èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní tar shehnai dípò rẹ̀. Ravi Shankar ló ni orin fíìmù náà. Etí wa ló gbọ́ ohun èlò, ọkàn wa ló sọ ọ́ di ohùn èèyàn. Èyí ò bu òṣèré náà kù o: bí ara rẹ̀ ò bá wó lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ariwo lásán ni ohun èlò náà ìbá jẹ́.

Ẹ má sì rò pé ibi tí kò bá ti sí orin, ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. The Birds, fíìmù Hitchcock ti ọdún 1963, kò ní irú orin abẹ́lẹ̀ tí etí wa ti mọ́. Ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú igbe ẹyẹ tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìdákẹ́jẹ́ sí àárín wọn.

Ẹ má kó gbogbo ìyìn fún ojú òṣèré

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ní Rọ́ṣíà, Lev Kuleshov mú àwòrán ojú òṣèré kan tó ń jẹ́ Ivan Mosjoukine, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì fajúro. Ó so ó mọ́ àwo ọbẹ̀, ó tún so ojú kan náà mọ́ òkú nínú pósí, ó sì so ó mọ́ ohun kẹta. Gẹ́gẹ́ bí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Vsevolod Pudovkin, ṣe ròyìn, àwọn tó wò ó yin òṣèré náà gidigidi: ẹ wo bí ebi ṣe hàn lójú rẹ̀ nídìí ọbẹ̀, ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe bò ó nídìí òkú. Ojú kan náà ni. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ ti sọnù, ìròyìn rẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé fíìmù rí mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ní òpin Queen Christina, lọ́dún 1933, Greta Garbo dúró níwájú ọkọ̀ ojú omi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀, kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀ títí. Rouben Mamoulian tó darí fíìmù náà sọ pé òun ní kó má ro ohunkóhun, kó sọ ojú di òfìfo. Ẹnì kan á ní ìgboyà lòun rí níbẹ̀, ẹlòmíràn á ní ọ̀fọ̀. Olúkúlùkù bu tirẹ̀ sí i.

Àwọn kan á wá gbọ́ èyí tán, wọ́n á ní òṣèré ò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn, pé ẹni tó ń gé àwòrán ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Àṣìṣe tuntun nìyẹn náà. Kí wọ́n lọ wo The Passion of Joan of Arc, tí Carl Dreyer ṣe lọ́dún 1928. Renée Falconetti ò kun ojú rárá, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọn débi pé ẹ lè ka omijé. Kò sí ọbẹ̀, kò sí pósí, tí ẹ lè fi rọ́pò ohun tó wà lójú obìnrin yẹn. Àwọn ojú kan wà tó jẹ́ òfìfo, àwọn mìíràn sì kún. Kí ẹ tó yìn tàbí kí ẹ tó bú, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣáájú ojú náà àti ohun tó tẹ̀lé e.

Ẹ má fi òṣèré àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́

Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún: “Àwọn ará àtijọ́ yìí, bí eèrà orí irin gbígbóná ni wọ́n ń ṣe!” Ní ayé fíìmù tí kò lóhùn, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń yí kámẹ́rà, iye àwòrán tí wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í sábàá tó 24. Ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn wọn ń fi 24 hàn. Bí ẹni tó gbé e sórí ẹ̀rọ ò bá tún eré rẹ̀ ṣe, gbogbo wọn á máa ta pọ́ún-pọ́ún. Ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, kì í ṣe òṣèré.

Fíìmù aláìlóhùn ò sì fìgbà kan dákẹ́ ní gbọ̀ngàn. Ẹnì kan á máa tẹ dùùrù, tàbí kí odidi ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ohun èlò orin jókòó nísàlẹ̀. Àwòrán kan náà lè wá ní orin oríṣiríṣi. Edmund Meisel kọ orin fún Battleship Potemkin nígbà tí wọ́n fi í hàn ní Berlin lọ́dún 1926. Lọ́dún 2004, ẹgbẹ́ olórin Pet Shop Boys lu tiwọn sí i ní ìta gbangba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kàn lẹ orin tó wà nítòsí mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ní fíìmù kan ò wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ bi ara yín léèrè pé orin ta ni ẹ gbọ́.

Ẹ má fi ìran fíìmù jẹ́rìí ìtàn

Potemkin yìí náà, tí Sergei Eisenstein ṣe lọ́dún 1925, ló fa èyí. Àwọn ọmọ ogun to ìbọn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìlú Odessa, wọ́n ń pa ará ìlú, kẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó ń yí lọ. Lóòótọ́, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Odessa lọ́dún 1905, èèyàn sì kú. Àmọ́ ìpakúpa bó ṣe wà lórí àtẹ̀gùn yẹn, Eisenstein ló hun ún. Gígé àwòrán ló mú un dá wa lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ tún wo àkókò: bí ẹ bá ní kí ẹnì kan rìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn lóòótọ́, á ti dé ìsàlẹ̀ tipẹ́ kí ìran náà tó parí. Ìbẹ̀rù wa ni Eisenstein fi wọn gígùn rẹ̀.

Ẹ̀tàn pátápátá kọ́ ló jẹ́, mi ò sì fara mọ́ ẹni tó bá ní ìgbà tí òun ti mọ àṣírí rẹ̀, kò lè mú òun mọ́. Nínú Casablanca, fíìmù ọdún 1942, Dooley Wilson ló jókòó ti dùùrù. Onílù ni, kò mọ dùùrù tẹ̀, ẹlòmíràn ló tẹ èyí tí a ń gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí obìnrin inú fíìmù náà bá ní kó kọ orin àtijọ́ kan, ọ̀nà ọ̀fun mi a máa dí.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo kọ́kọ́ ń wo odidi fíìmù láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà ni mo ń mú ìran kan ṣoṣo, mo ń wò ó láìlóhùn, kí n lè ka iye ìgbà tí àwòrán yí padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń di ojú, mo ń fi etí nìkan gbọ́ ọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lórí ìran balùwẹ̀ yẹn. Igbe fáyólìn á dé, àwọn ohun èlò tó nípọn á tẹ̀lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orin á sì dákẹ́. Omi nìkan ló máa kù, tó ń dà, tó ń dà, tí kò sẹ́ni tó máa tì í. Omi yẹn ni mi ò gbọ́ lóru ọjọ́ tí mò ń rẹ́rìn-ín.