Bí Ọ̀dọ́ Ẹnjiníà Ṣe Lè Kó Èrè Wálé Láti Ibi Ìdíje Ìmọ̀-Iṣẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Yaba tàbí Akoka lè gba máàkì gidi nínú ìdánwò láì tíì kan páìpù waya kankan mọ́ ògiri rí. Ìdíje ìmọ̀-iṣẹ́ kò fàyè gba irú èyí, nítorí iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni ṣe ni àwọn adájọ́ yóò wọ̀n, tí wọn yóò sì dán wò lójú ẹni. Lójú tèmi, èrè rẹ̀ tó ga jù ni àṣà yíyẹ iṣẹ́ ara ẹni wò kí ẹlòmíràn tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tí kò sì gba ẹ̀bùn kankan lè mú un wálé, bí ó bá múra sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdíje tó bá yín mu. Ọdún méjì méjì ni WorldSkills, ìdíje ìmọ̀-iṣẹ́ àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́, ń wáyé, ti ọdún 2024 sì wáyé ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ kì í gba ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 22 lọ ní ọdún ìdíje, bí àwọn díẹ̀ tilẹ̀ ń gbà títí dé ọdún 25. Shell Eco-marathon ní tirẹ̀ wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn, láti mọ èyí tí yóò fi epo tàbí iná tó kéré jù rin ọ̀nà tó jìn jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó sì ti kópa níbẹ̀ rí. Ọkọ̀ tí kò bá yege nínú àyẹ̀wò ààbò kò ní dé orí pápá rárá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ìlànà bí wọ́n ṣe ń fúnni ní máàkì ṣáájú àwòrán iṣẹ́. Ní WorldSkills, àwọn ohun kan wà tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ṣèdájọ́, bíi bóyá súìṣì wà ní gíga tí àwòrán sọ. Àwọn mìíràn wà tí àwọn adájọ́ ń fi ojú ìmọ̀ wò, tí wọ́n ń fún ní 0 títí dé 3, tí 1 sì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà tó ohun tí ilé-iṣẹ́ ń béèrè.

Ibi ìgbaradì gan-an ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Ẹ gbé pákó pílíwúùdù ńlá kan dúró bí ògiri, kí ẹ sì ra waya, súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Alaba. Ẹ má ṣe gba ohun tí a kọ sára waya gbọ́ láìwọ̀n ọ́n: bí bàbà inú waya 2.5 (ìyẹn mm² 2.5, fífẹ̀ ojú bàbà náà bí a bá gé e) bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìdábùú rẹ̀ kò yẹ kó jìnnà sí mílímítà 1.78, ti 1.5 kò sì yẹ kó jìnnà sí 1.38. Bàbà tó bá tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa gbóná nígbà tí ẹrù iná bá pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì lè jó ilé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná wọ iṣẹ́ náà kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi mítà mọ̀ bóyá waya earth (èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) so pọ̀ láti bọ́ọ̀dù títí dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo ohun tí ó lè bàjẹ́ kúrò, kí ẹ fi megger tó ń lo 500 V, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn bí rọ́bà ara waya ṣe ń dènà iná tó, dán rọ́bà náà wò. Bí èsì kò bá tó mẹ́gáómù 1 (ìwọ̀n ìdènà iná), ó ṣeé ṣe kí rọ́bà ara waya ti bó níbì kan tàbí omi ti wọ̀ ọ́. Ní Èkó, níbi tí iná ti lè dé nígbàkigbà, pípa súìṣì nìkan kò tó: ẹ pa breaker, ẹ tì í pa, ẹ fi mítà jẹ́rìí pé kò sí iná, kí ẹnìkan sì dúró tì yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eléyìí ṣeré.

Ẹ tún jẹ́ kí ẹnìkejì yín fi àbùkù kan pamọ́ sínú iṣẹ́ náà, kí ẹ wá a rí kí àkókò tó pé. Ẹni tí ìkánjú bá ń dà láàmú a máa tú gbogbo ìsopọ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹ pín ọ̀nà iná sí méjì, kí ẹ mọ apá tó dára, kí ẹ sì tún pín apá tó kù, títí ọwọ́ yóò fi tẹ àbùkù náà.

Nígbà tí ìdíje bá parí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn adájọ́ ibi tí máàkì ti bọ́ lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì tún iṣẹ́ kan náà ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Ẹ so àwòrán rẹ̀ àti èsì gbogbo ohun tí ẹ wọ̀n mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ SIWES yín (ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́), kí ẹnjiníà àgbà tí ẹ bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè rí ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe.