Rirekisho: Ẹ Yé Ra Fọ́ọ̀mù Tí Ẹ Ó Fà Ya

Àbúrò kan gbé rirekisho rẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìtàn ara ẹni tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ ní Japan, wá bá mi nílé ní Saitama níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìdì fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló ti rà ní konbini, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kékeré àdúgbò, ó sì ti bà wọ́n jẹ́ tán. Ìyẹn ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

1. Fọ́tò. Sẹ̀ntímítà 3 ní ìbú, 4 ní gígùn, pẹ̀lú kóòtù. Fọ́tò ìgbéyàwó tẹ́ ẹ gé fìlà kúrò lórí ẹ̀ kọ́ là ń wí.

2. Ọdún. Orúkọ sáà ọba ni wọ́n fi ń ka ọdún níbí: Reiwa 1 ni 2019 láti oṣù karùn-ún, Heisei 31 ló jẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Ẹ má da kíkà tiwọn pọ̀ mọ́ tiwa nínú ìwé kan.

3. Bíró. Dúdú, èyí tí kò ṣeé pa rẹ́. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, èyí tó ṣeé pa rẹ́ ni mo fi kọ tèmi, kí n má baà ra fọ́ọ̀mù mìíràn. Oṣù kẹjọ tí ooru ń mú níbí ni. Mo fi ìwé náà síwájú nínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi, a lọ jẹun. Àṣé ooru ló ń pa yíǹkì yẹn rẹ́! Ká padà dé, ìwé ti funfun báláú, fọ́tò mi nìkan ló ń wò mí. Tipp-Ex ńkọ́? Ẹ má dán an wò.

Orúkọ wá ni tèmi gan-an. Kò sí “gb” nínú katakana, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àjèjì. Adégbọlá lè di Adegubora, ó lè di Adebora. Èyí tó bá wù yín, ẹ ṣáà mú ọ̀kan. Àbúrò mi kọ ọ̀kan sínú rirekisho, èkejì wà ní báńkì, ó tún fi ẹ̀kẹta ra fóònù! Owó oṣù mi àkọ́kọ́ níbí, ṣe ló padà sọ́wọ́ àwọn tó fi ránṣẹ́, torí katakana tí mo fún wọn kò bá ti báńkì mu. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jẹ núdù. Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé báńkì yín kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kan.

Ilé ẹ̀kọ́: èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ ló ń wà lókè.

Ìdí tẹ́ ẹ fi kúrò níbi iṣẹ́: “isshinjō no tsugō”, ìyẹn “ìdí ti ara ẹni”, ti tó. Ẹ fi ìjà yín pẹ̀lú ọ̀gá sílé.

Fọ́ọ̀mù tí ìjọba gbé jáde ní 2021 ti yọ ìbéèrè nípa ọkọ tàbí aya kúrò. Kí lẹ wá ń fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sí i fún?

Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè báyìí. Ó ní òun ti kọ ọ́ dáadáa, òun sì ti ká a sí mẹ́rin kó lè wọ àpòòwé. Ó tún ti bà á jẹ́ nìyẹn!