Bí Mo Ṣe Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Fojú Ara Rẹ̀ Rí Omi Tó Ń Dì Tó sì Ń Yọ́

Ọmọ mi kò tíì pé ọdún 5, kò sì gbà pé omi ni yìnyín. Omi ń ṣàn, yìnyín le; báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jẹ́ nǹkan kan náà? Mo ní kàkà kí n máa rojọ́, ojú rẹ̀ ni kó fi rí i.

A wá ife oníke tí inú rẹ̀ hàn kedere. Ẹ má lo ti gíláàsì, ó lè fọ́ bí omi bá dì nínú rẹ̀. A bu omi dé ìdajì, mo sì ní kó fi bírò fa ìlà sára ife níbi tí omi dé. Ká tó gbé e sínú fíríísà, mo bi í pé kí ló rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ má fo ìbéèrè yìí o, torí ọmọ tó bá ti sọ èrò tirẹ̀ jáde á fẹ́ rí ibi tó máa já sí. Ó ní omi máa kéré sí i.

Nígbà tó dì tán, yìnyín ti ga kọjá ìlà. "Ta ló bu omi kún un?" Mo ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Omi tó bá dì máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 tóbi sí i, òun ló ń jẹ́ kí yìnyín léfòó. Ìṣirò yẹn kò kan ọmọdé. Ìlà ti tó. A gbé ife síta, yìnyín yọ́, omi sì padà síbi ìlà gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ló gbà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti aṣọ. A mú ègé yìnyín méjì tó dọ́gba, a fi aṣọ òtútù tó nípọn wé ọ̀kan. Ó ní èyí tó wà nínú aṣọ ló máa kọ́kọ́ yọ́, torí aṣọ yẹn máa ń mú òun móoru. Èyí tó wà níta ló kọ́kọ́ yọ́! Mo ṣàlàyé pé aṣọ kò ní ooru tirẹ̀, ṣe ló ń dí ooru lọ́nà: kì í jẹ́ kí ti ara wa tètè jáde, kì í sì í jẹ́ kí ti ìta tètè dé ọ̀dọ̀ yìnyín. Ooru tó bá wọlé ló ń yọ́ ọ; bó bá kúrò lára omi títí omi fi tutù dé 0°C, tó ṣì ń kúrò, omi á dì.

Ó wá bi mí pé, "Ṣé ooru ọwọ́ mi náà ń wọ inú rẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ègé kan sí i látẹ́lẹwọ́, mo sì tètè gbà á, torí yìnyín tó bá pẹ́ lára lè ba awọ ọmọ jẹ́.